Orí Òṣòó Ni Ràfátù Ti Ń Wọn Ṣòkòtò

Ẹnu Ràfátù ló kọ iṣẹ́ náà kí ọkàn rẹ̀ tó mọ̀. Kọ́ńpìnnì onírin kan ní Sango ní kó wá máa rán aṣọ iṣẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ nínú ọgbà wọn, kó ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa. Wọ́n nawọ́ ìwé ìwọ̀n aṣọ sí i: kékeré, àárín, ńlá. Kò ní fojú kan ẹni tó fẹ́ wọ aṣọ náà.

Ràfátù kì í wọn ènìyàn lóòró. Yóò ní kí onítọ̀hún lóṣòó ná, torí orí òṣòó ni wọ́n ti ń gbé irin.

Ó ní, "Ẹ má bínú, sà. Mi ò lè rán aṣọ ẹni tí mi ò rí."

Wọ́n bá gba télọ̀ mìíràn.

Àwọn òṣìṣẹ́ yẹn gan-an sì ni oníbàárà rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, ẹ̀rọ rẹ̀ dákẹ́. Bí bọ́ọ̀sì kọ́ńpìnnì bá ń kọjá láàárọ̀, yóò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́, kí wọ́n má baà rí ojú rẹ̀.

Kàfáyá àbúrò rẹ̀, tó ń ta bàtà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò jẹ́ kó gbádùn. "Ìyá Basit, wọ́n ń fún wọn lóúnjẹ ọ̀sán níbẹ̀ o! Ẹ ò kàwé, ẹ tún ń yan iṣẹ́."

Ẹ̀rù ń ba Ràfátù pé òótọ́ ni.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè tí àwọn òṣìṣẹ́ kọ́kọ́ wọ aṣọ tí télọ̀ tuntun náà rán, ọkùnrin kan yọ lẹ́nu géètì kọ́ńpìnnì tí kò jìnnà sí ṣọ́ọ̀bù, ó ń fẹ̀yìn rìn bọ̀. Ṣótúndé ni, ọ̀gá àwọn òṣìṣẹ́. Ó fi fáìlì bo ìdí.

"Ìyá Basit, ẹ gbà mí! Mo kàn ní kí n gbé irin ni, ṣòkòtò bá ya fàà!"

Mẹ́rin míì ń bọ̀ lẹ́yìn. Ọ̀kan fi páálí bo tirẹ̀. Kàfáyá rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí bàtà ọjà.

Ṣótúndé ní, "Màníjà ní àyè télọ̀ yẹn ti ṣófo o. Ṣé ẹ ó máa bọ̀ lọ́la?"

Ràfátù di téèpù mú gírígírí.

"Rárá, sà. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ máa kó wọn wá síbí."

"Gbogbo ọgọ́rin òṣìṣẹ́?"

"Gbogbo wọn. Ó yá, sà, ẹ lóṣòó."

"Èmi náà? Lójú títì?"

"Àfi bẹ́ ẹ bá fẹ́ kó tún ya."

Ṣótúndé wò sọ́tùn-ún, ó wò sósì, ó lóṣòó.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bọ́ọ̀sì kọ́ńpìnnì ò kọjá. Iwájú ṣọ́ọ̀bù ló dúró sí, àwọn òṣìṣẹ́ sì ń sọ̀ kalẹ̀. Ràfátù ò wá abẹ́rẹ́ kankan. Ó gbójú sókè, ó sì ju téèpù sọ́rùn.