Jíìpù Nínú Iyanrìn Kúdẹtì

"Má tẹ iná mọ́, Sàláú! Bó o ṣe ń tẹ̀ ẹ́ yẹn, ibojì lo ń gbẹ́ fún wa!"

Ìyá Àtọ́kẹ́ ló pariwo bẹ́ẹ̀ láti ẹ̀yìn jíìpù, níbi tó ti gbé orí Kúlúsúmù ọmọ rẹ̀ lé itan. Sàláúdéènì, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tó ń wa ọkọ̀, gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná. Ẹ́ńjìnnì rọlẹ̀, ó ń mí hẹlẹ hẹlẹ bí ajá tó sáré dé. Táyà ẹ̀yìn méjèèjì ti rì dé ìdajì sínú iyanrìn etí odò Kúdẹtì, imú ọkọ̀ náà sì gbójú sókè bí ẹni tó ń wo òṣùpá.

Ràbíátù, ìyàwó Sàláúdéènì, ló jókòó sí ìdí ẹsẹ̀ Kúlúsúmù. Ó di ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, ó sì ń mọ̀ ọ́n lára bí ìrora ṣe ń dé tó tún ń lọ. Láti ìdájí ni Kúlúsúmù ti ń rọbí nílé bàbá rẹ̀ ní Bẹyẹrúnká. Nígbà tí oòrùn yẹ àtàrí, ìyá agbẹ̀bí ṣan ọwọ́ rẹ̀, ó ní, "Ọmọ yìí dábùú. Ọwọ́ mi ò ká a mọ́. Ẹ gbé e lọ ọsibítù kí ilẹ̀ tó ṣú, bí ẹ bá ṣì fẹ́ gbọ́ ohùn ìyá, ká má tilẹ̀ sọ ti ọmọ."

Ọkọ Kúlúsúmù wà lábúlé. Ọlọ́run ló yọ wọ́n tí Sàláúdéènì kò tíì gbé jíìpù ọ̀gá rẹ̀ jáde lọ kó kòkó. Wọ́n dé Ìdí Arẹrẹ, wọ́n bá ògiri ilé kan tí òjò àná wó, ó ti dí ọ̀nà pa. Ni Sàláúdéènì bá ní kò sóhun tó burú, jíìpù tuntun yìí ò bẹ̀rù odò. Ó yà sí ìsàlẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń wa iyanrìn. Ó sì la omi náà kọjá lóòótọ́. Iyanrìn òdìkejì tí àwọn awayanrìn ti tú kiri ló gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ mì.

Àwọn awayanrìn náà ti ju ṣọ́bìrì sílẹ̀, wọ́n ń bọ̀. Ezekiel, ọmọ Kúdẹtì, tó jẹ́ olórí wọn, ló ṣáájú, aṣọ ìnura ní ọrùn rẹ̀.

"Ẹ kú ewu o," ó ní. "Mo ti rí lọ́rì tó rì síbí, mo ti rí màálù. Ti jíìpù ló kù tí mi ò tíì rí. Àbí òun kọ́ ni wọ́n ní ó ń gun òkè bí ewúrẹ́?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa tì í," Sàláúdéènì dáhùn. "Àbúrò mi wà nínú rẹ̀, ó ń rọbí."

Ẹ̀rín kú lójú Ezekiel. "Ẹ ò sì tètè sọ̀rọ̀! Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ bọ́ sí ìdí ọkọ̀ yìí!"

Wọ́n tì í. Wọ́n fi èjìká tì í, wọ́n fi ẹ̀yìn tì í, wọ́n ń ké "Ó dọwọ́ọ yín o!" Iyanrìn fọ́n ká, ó bo gbogbo wọn lójú, jíìpù náà sì tún jókòó dáadáa. Kúlúsúmù figbe ta.

Sàláúdéènì bọ́ sílẹ̀. Ó kúnlẹ̀ ti táyà, ó ń fi ìṣó jẹ́ kí afẹ́fẹ́ jáde.

"Kí lò ń ṣe yẹn?" Ìyá Àtọ́kẹ́ bèèrè. "Ọ̀gá rẹ kọ́ ló ní kí táyà máa le bí òkúta?"

"Ìyá, nítorí ẹrù kòkó ni. Ohun líle kì í wu iyanrìn. Ẹsẹ̀ adìyẹ ló ń rì nínú ẹrẹ̀, ti pẹ́pẹ́yẹ kì í rì, torí pé ó fẹ̀."

Nígbà tí táyà rọ̀ tó bó ṣe fẹ́, ó kó àpò kòkó tó ṣófo sábẹ́ wọn, àwọn awayanrìn fi ṣọ́bìrì kó iyanrìn kúrò níwájú. Ó tún wọlé, ó rọra tẹ iná. Táyà ẹ̀yìn gbá àpò kòkó mú, ó fà á ya, ó sì jù ú sẹ́yìn. Kò sún síwájú tó ìbú ọwọ́.

"Ẹ dúró ná!" Ezekiel ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú ọkọ̀. "Wọ́n ní mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń ṣiṣẹ́ lẹ́sẹ̀ jíìpù, àbí irọ́ ni? Méjì iwájú yìí ò yí rárá o! Wọ́n jókòó bí ọba, àwọn ẹrú ẹ̀yìn nìkan ló ń ṣe làálàá."

"Kò lè rí bẹ́ẹ̀," Sàláúdéènì sọ. "Mo ti fa ọ̀pá wọn."

Ọ̀pá méjì ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjókòó rẹ̀. Èyí tó gùn ni ọwọ́ rẹ̀ máa ń wà lójoojúmọ́. Èyí tó kúrú, tí orí rẹ̀ pupa, ni wọ́n ní kó máa fà bí ilẹ̀ bá burú, kí ẹsẹ̀ iwájú lè máa bá ti ẹ̀yìn ṣiṣẹ́. Láti oṣù tó kọjá tí ọkọ̀ náà ti dé, kò tíì sí ilẹ̀ tó burú débi pé kó fọwọ́ kàn án, àfi tòní. Ó tún fà á báyìí, ó wá díẹ̀, ó dúró. Ó tún fi ọwọ́ méjèèjì fà á, ó dúró síbẹ̀.

"Ẹni tó kọ́ mi sọ pé yóò dún 'kọ́!' lábẹ́ ẹsẹ̀ mi," ó ń dá sọ fún ara rẹ̀. "Mi ò gbọ́ 'kọ́' kankan. Mo rò pé ibi tó ń dúró sí náà nìyí."

Ó wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ, àfi ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló kù níta. Ìgbà tó jáde, iyanrìn bo irùngbọ̀n rẹ̀.

"Kò sí ohun tó há sísàlẹ̀. Àfi bí irin inú rẹ̀ bá ti ṣẹ́. Bó bá jẹ́ pé ó ti ṣẹ́, a ò kúrò níbí lónìí."

Ezekiel wo ọ̀nà Mápó, níbi tí òjò ti ṣú dúdú lé àwọn páànù tó dípẹtà lórí. Ó wo odò. Omi tó mọ́ nígbà tí wọ́n ń la á kọjá ti ń pọ́n, ó sì ti ń fi ahọ́n lá ẹ̀yìn táyà.

"Òjò ti ń rọ̀ lókè," ó sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Odò yìí kì í ránṣẹ́ kó tó dé. Ṣé ká wá pákó, ká fi gbé aboyún náà?"

"Gbé e gun òkè yẹn?" Ìyá Àtọ́kẹ́ ní. "Pẹ̀lú ọmọ tó dábùú nínú rẹ̀? Ẹ má pa á fún mi o."

Ràbíátù kò gbọ́ èyí tó kù. Ojú rẹ̀ ti lọ sí ìdí ọ̀pá pupa, níbi tí awọ dúdú kan ti bò ó.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí jíìpù yìí dé agbo ilé, nígbà tí àwọn ọkùnrin wà ní mọ́ṣáláṣí, Ìyá Àtọ́kẹ́ ti pè é. "Ìyàwó, wá bá mi ṣọ́ ẹnu ọ̀nà." Ó gbé awọ dúdú yẹn sókè, ó fi okùn awọ so tírà kan mọ́ ìdí ọ̀pá kékeré náà àti irin tó wà níwájú rẹ̀, ó tún fi awọ bò ó. Sàlámì, ẹ̀gbọ́n Sàláúdéènì, awakọ̀ lòun náà; jàǹbá lọ́rì ló gbé e lọ. Ìyá náà ò fẹ́ kí mọ́tò gbé ẹnì kejì. "Ọ̀pá ńlá, ojoojúmọ́ lọwọ́ rẹ̀ ń kàn án," ó ní. "Kékeré yìí kì í fọwọ́ bà á, ibẹ̀ ló dáa. Ààfáà ní ẹni tí a ṣe é fún kò gbọdọ̀ mọ̀. Ọjọ́ tó bá mọ̀, agbára rẹ̀ tán. Èmi àti ìwọ ló mọ̀ ọ́n."

Ràbíátù sì ti pa á mọ́. Ta ni òun tí kò ní pa á mọ́? Ìyàwó ilé ni. Kúlúsúmù tó bá nílé lọ́mọdébìnrin pàápàá, kò jẹ́ pè é lórúkọ. Ìdí-Ìlẹ̀kẹ̀ ló máa ń pè é. Ó gbé ojú sókè wo ìyá ọkọ rẹ̀. Ètè ìyá náà ń mì, ó ń ka Láìláà.

"Ìyá," ó pè é jẹ́jẹ́. "Ohun tó wà ní ìdí ọ̀pá yẹn."

"Ohun wo?"

"Èyí tí ẹ ní kí n má sọ."

"Bó o bá mọ̀ pé mo ní kó o má sọ ọ́, kí ló wá ń yún ọ lẹ́nu?"

"Ó jọ pé òun ni kò jẹ́ kí ọ̀pá náà wá, Ìyá."

"Irọ́ ni!" Ohùn Ìyá Àtọ́kẹ́ kò ròkè, ṣùgbọ́n ó mú. "Ohun tí a fi ń ṣọ́ èèyàn kì í dí i lọ́nà."

"Kí lẹ ń sọ níbẹ̀ yẹn?" Sàláúdéènì bèèrè láti ìta.

"Àdúrà là ń ṣe," ìyá rẹ̀ dáhùn. "Máa wo iwájú rẹ."

Kúlúsúmù la ojú. Kò sọkún mọ́, èyí ló sì dẹ́rù ba Ràbíátù jù. "Ìyá," ó ní, "ilẹ̀ ti ṣú ni? Mi ò rí yín dáadáa mọ́."

Ilẹ̀ ò tíì ṣú. Ràbíátù fi ẹsẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀, ó na ọwọ́ kọjá láàárín ìjókòó, ó gbé awọ dúdú náà sókè. Kíá ni ìyá ọkọ rẹ̀ gbá a lọ́rùn ọwọ́ mú. Ìka ìyá náà le bí igi.

"Sàlámì ti lọ," ó sọ sí i létí. "Ṣé o fẹ́ kí eléyìí náà lọ ni?"

"Ọkọ mi ni, Ìyá. Ibo ni mo fẹ́ kó lọ?" Omi ti lé sójú Ràbíátù. Kò tíì bá ìyá náà sọ̀rọ̀ tó báyìí rí. "Kò ní mọ̀. Ẹnu mi ò ní sọ ọ́ láé. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ojú Ìdí-Ìlẹ̀kẹ̀."

Ìyá Àtọ́kẹ́ wo ojú ọmọ rẹ̀. Ó pẹ́ kó tó gbójú kúrò. Ìka rẹ̀ rọ̀ díẹ̀díẹ̀, ó sì fi í sílẹ̀.

Okùn awọ náà ti gbẹ, ó ti fún mọ́ irin. Ràbíátù fi èékánná tú u, kò tú. Ó gbé ẹnu lé e, ó fi eyín gé e, kò gé. Nígbà tó gbórí sókè, ìyá ọkọ rẹ̀ ti tú ẹrù ìkúnlẹ̀ tí wọ́n gbé láti ilé. Abẹ tuntun kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, bébà rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀.

"Gbà."

"Ìyá, abẹ tí a fẹ́ fi gé ìwọ́ ọmọ ni."

"Bí a ò bá débẹ̀, ìwọ́ ta la fẹ́ gé?"

Ràbíátù gé okùn náà. Ó ti tírà sínú tọ́bi lábẹ́ ìró rẹ̀, ó fi awọ bo ìdí ọ̀pá bó ṣe wà tẹ́lẹ̀.

"Bàbá Ráfíù!" ó ké sí ọkọ rẹ̀ níta. "Ẹ tún ọ̀pá yẹn fà."

"Ó ti sú mi í fà, Ràbí. Ẹ jẹ́ ká wá pákó."

"Ẹ ṣáà fà á!"

Ezekiel yíjú wò ó. Sàláúdéènì náà wò ó, torí kò gbọ́ irú ohùn yẹn lẹ́nu aya rẹ̀ rí. Ó wọlé, ó di orí pupa náà mú, ó fà á. *Kọ́!* Gbogbo wọn ló gbọ́ ọ. Sàláúdéènì jókòó, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lórí ọ̀pá, bí ẹni tí òkú dáhùn ìkíni rẹ̀.

"Má wò mí," ìyá rẹ̀ jágbe. "Wa mọ́tò!"

Kò tẹ iná pa bíi ti àkọ́kọ́. Ó rọra ṣe é, bí ẹni tó ń jí ọmọ ọwọ́. Táyà iwájú mì, ó gbá iyanrìn mú, ó yí.

"Ọba ti dìde o!" Ezekiel pariwo. "Ẹ tì í! Ọba ti dìde!"

Jíìpù náà gbọn ìdí, ó ṣẹ́rí sí ọ̀tún, ó ṣẹ́rí sí òsì, ó sì fà jáde sórí ilẹ̀ líle. Nígbà tí Ràbíátù bojú wẹ̀yìn, omi pupa ti kún kòtò tí wọ́n fi sílẹ̀, ó sì ń gbé àpò kòkó tó ya lọ.

"Bó bá jẹ́ ọkùnrin, Ezekiel ni kẹ́ ẹ sọ ọ́ o!" ohùn kan tẹ̀lé wọn.

"Ọmọ Ìmàle ni!" Ìyá Àtọ́kẹ́ dá a lóhùn.

"Ẹ sọ ọ́ ní Iyanrìn nígbà náà!"

Òjò ti bẹ̀rẹ̀ nígbà tí wọ́n gbé Kúlúsúmù wọlé ní ọsibítù. Àwọn mẹ́ta tó kù jókòó sórí bẹ́ńṣì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, iyanrìn ń já bọ́ lára wọn. Òjò náà pọ̀ débi pé ìgbà tí ọmọ ké, kò dá wọn lójú. Àfi ìgbà tí nọ́ọ̀sì yọjú, tó ní obìnrin ni, ó rẹ ìyá rẹ̀ gan-an ṣùgbọ́n ó ti ń béèrè omi. Ìyá Àtọ́kẹ́ fi iwájú orí kan ilẹ̀.

Sàláúdéènì bọ́ fìlà, ó fi nu ojú. "Ràbí," ó ní, "kí lo ṣe sí ọ̀pá yẹn?"

Ràbíátù wo ìyá ọkọ rẹ̀. Òjò ni ìyá náà ń wò.

"Iyanrìn ló dí i," ó dáhùn. "Mo gbá a kúrò."

"Iyanrìn." Ó mi orí, ó sì dìde lọ wo àwọn táyà rẹ̀. Ó gbàgbé fìlà sórí bẹ́ńṣì.

Ìyá Àtọ́kẹ́ yọ abẹ́rẹ́ kan láti inú gèlè rẹ̀, òwú dúdú wà nídìí rẹ̀. Ó ti fìlà náà sọ́dọ̀ Ràbíátù.

"Mọ́tò ò lọ́rùn tí à ń so nǹkan mọ́," ó ní. "Tẹ́ tírà yẹn sínú fìlà, láàárín aṣọ méjèèjì, kó má hàn. Ojú mi ò ríran bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, ọmọ mi. Ìwọ ni kó o máa rán an."

Ràbíátù rántí ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, bí ìyá yìí ṣe so tírà náà mọ́ irin nínú òkùnkùn láìtan àtùpà. Ojú rẹ̀ ríran kedere. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gba abẹ́rẹ́ náà, ó sì yí ẹ̀yìn sí ẹnu ọ̀nà kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í rán an.