Àádọ́ta Ọ̀kẹ́ Ó Dín Ẹyọ Kan

Láyé ìgbà tí wọ́n ṣì ń fi lẹ́tà òjé tẹ̀wé, Bàbá Atẹ̀wé kan wà tí ọmọ rẹ̀ obìnrin, nọ́ọ̀sì, ti gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé bàbá òun ti ń ṣarán. Ó ti bá káfíńtà kan sọ ọ́ pé kó wá gba yàrá ìtẹ̀wé. Bàbá fárígá. Wọ́n fà á títí, wọ́n fẹnu kò: iṣẹ́ kan ṣoṣo ló kù nílẹ̀. Bó bá pé láìsí àṣìṣe, káfíńtà á wá ibòmíràn. Bó bá yingin, Bàbá á kẹ́rù.

Tíṣà ìṣirò ló gbé iṣẹ́ náà wá, bébà fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ tí yóò lẹ̀ mọ́ ògiri kíláàsì: nọ́ńbà 142857, àti ìlọ́po méjì rẹ̀ títí dé ìlọ́po méje, ìlà kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nínú àwọn nọ́ńbà òjé ńláńlá, ẹyọ kọ̀ọ̀kan péré ló kù lọ́wọ́ Bàbá. Ìlà kan ló ń tò, tó ń tẹ̀, tó ń tú.

Láàárọ̀ Sátidé, nọ́ọ̀sì wọlé, káfíńtà tẹ̀ lé e pẹ̀lú téèpù. Bébà wà lórí okùn, yíǹkì rẹ̀ ò tíì gbẹ. 142857. 285714. 428571. 571428. Obìnrin náà yíjú sí bàbá rẹ̀.

"Bàámi, nọ́ńbà mẹ́fà kan náà lẹ sáà ń tì síwá sẹ́yìn."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ẹ ò ṣírò nǹkan kan."

"Ìwọ ṣírò ẹ̀, ìyá mi. Ṣebí ìwọ lò ń wọn oògùn fáráyé."

Ló bá fa pẹ́ńsù yọ. Ìlọ́po méjì bá a mu. Ìkẹta bá a mu. Nígbà tó dé ìkarùn-ún, ó pa á rẹ́, ó tún un ṣe, 714285 náà ló tún jáde. Nọ́ńbà àlejò kankan ò yà wọ àárín wọn. Àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ń yí ipò bí ọmọdé tó ń ṣeré yíká igi. Ìkẹfà, 857142. Ó fìdí lé àpótí, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ó wá kan ìkeje, ìlà tí Bàbá kò tíì tẹ̀. Ó ṣe é, ẹ̀rín bọ́ lójú rẹ̀: 999999.

Òjé nọ́ńbà 9 kan ṣoṣo ni Bàbá ní. Ó dorí 6 kodò, ó di 9 kejì. Káfíńtà ní ó ku mẹ́rin, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í na téèpù mọ́ ògiri. Bàbá ń họ etí. Nọ́ọ̀sì wo ọwọ́ rẹ̀ tó dúdú fún yíǹkì, ó rí i pé òun ò fẹ́ jàre rárá.

Ó tún wo bébà, ó ń ka 999999 sínú ní Yorùbá bí ìyá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ láti kékeré. Ó dìde fùú.

"Bàámi, ta ló ní kí ẹ fi nọ́ńbà kọ ọ́? Àádọ́ta ọ̀kẹ́ ó dín ẹyọ kan ni."

Bàbá fa dúrọ́ọ̀ lẹ́tà yọ. Ó kún dẹ́múdẹ́mú.

"Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n," nọ́ọ̀sì sọ fún káfíńtà. "Ẹ ká téèpù yín. Yàrá yìí ò ṣófo."

Káfíńtà ká a díẹ̀díẹ̀, ojú rẹ̀ ò kúrò lára bébà.

"Ìlọ́po mẹ́jọ ńkọ́?" ó béèrè.

Bàbá àti ọmọ na ọwọ́ sí pẹ́ńsù lẹ́ẹ̀kan náà.