Ẹyin Òjòlá ní Ìjù

Kí Bàdírù tó ṣí ìdérí kúlà, ó wo fèrèsé ná. Ó tún lọ wo ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé. Lánlọ́ọ̀dù wo ló máa gbọ́ pé ẹyin òjòlá mọ́kàndínlógún wà nínú yàrá tí òun fi háyà ní Ìjù, tí kò ní da ẹrù èèyàn síta?

Gílóòbù kan ń jó nínú kúlà. Àwọn ẹyin náà tò sórí iyanrìn tútù, wọ́n rọ̀ bí awọ. Ó yí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń yí ọmọ tuntun padà lórí ẹní.

"Bàbá Ìsmáílà, àwọn ọmọ yín ò tíì jí?" Àpọ́nlé, ìyàwó ẹ̀, ló ń pè é láti ibi tó ti ń ṣa ẹ̀wà. "Ọjọ́ tí wọ́n bá jáde, ẹ̀yin nìkan lẹ máa sọ wọ́n lórúkọ o. Èmi ò ní í bá yín tọ́ oyin ibẹ̀ wò."

"Rọra sọ̀rọ̀."

Kò rẹ́rìn-ín. Ọdún mẹ́tàdínlógún ló fi ṣiṣẹ́ l'Ọ̀tà, níléeṣẹ́ tó ń fi ẹ̀rọ sàba lé ẹyin adìẹ, kí wọ́n tó ta ilẹ̀ ibẹ̀ fún ṣọ́ọ̀ṣì, tí wọ́n ní kí kálukú máa lọ sílé. Láti ìgbà náà, lébìrà ló ń ṣe kiri. Ibi tí katapílà ti ń ṣí igbó fún ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kan ló ti bá òjòlá pàdé. Ìyá ò sá. Ó ká mọ́ ẹyin ẹ̀ títí wọ́n fi ṣá a pa, tí wọ́n sì pín ẹran ẹ̀. Wọ́n fẹ́ẹ́ fọ́ ẹyin náà ni Dókítà Ọláìtán, olùkọ́ kékeré kan níbẹ̀, sáré dé.

"Ẹ dúró! Ilé ẹranko tí yunifásítì wa ń kọ́ ò tíì ní òrùlé. Ta ló mọ̀ nípa ẹyin níbí?"

Ọwọ́ Bàdírù lọ sókè kí ẹ̀rù tó dì í mú. "Ọdún mẹ́tàdínlógún, sà."

"Bàbá, ẹ bá wa mú wọn móoru. Tí wọ́n bá jáde, ẹ̀yin lẹ máa tọ́jú ilé ẹranko náà. Iṣẹ́ oṣooṣù ni."

Bàdírù fẹ́ béèrè nǹkan kan, ó gbé e mì. Ṣé kí dókítà wá rò pé kò mọṣẹ́ ni?

Ọjọ́ kọkànlélógójì nìyí. Lọ́sàn-án, dókítà fúnra ẹ̀ wá wò wọ́n. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ kúlà, ó nàka sí ẹyin kan.

"Bàbá, kí ni àmì dúdú yìí?"

"Èédú ni, sà. Mo fàlà sí ẹ̀gbẹ́ kan, mo ya òdo sí ìkejì, kí n má baà gbàgbé èyí tí mo ti yí. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́. Ibà dá mi dùbúlẹ̀, mo ṣì ń dìde yí wọn. Wọ́n tiẹ̀ lẹ̀ mọ́ra tẹ́lẹ̀, èmi ni mo fọgbọ́n yà wọ́n."

Dókítà jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní kó jókòó.

"Bàbá, ṣé ẹ ń yí wọn ni?"

"Adìẹ ń fi àgógó yí tiẹ̀, sà."

"Adìẹ nìyẹn, Bàbá. Òjòlá kàn ń ká mọ́ tiẹ̀ ni, kì í yí wọn rárá. Ọmọ inú ẹ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ òkè. Tí ẹ bá dojú ẹyin délẹ̀, omi inú ẹ̀ á pa á."

Ó fi abẹ la ọ̀kan. Ọmọ ejò wà níbẹ̀, kò ju ìka lọ, àmì ara ẹ̀ ti ń hàn. Kò mira. Ó la ìkejì. Ó la ìkẹta. Bàdírù di ọrùn ọwọ́ ẹ̀ mú.

"Ẹ fi ìyókù sílẹ̀, sà. Bóyá..."

"Ẹ̀bi tèmi náà ni. Mi ò sọ fún yín. Mo rò pé ẹ mọ̀."

"Iṣẹ́ yẹn ńkọ́, sà?"

Dókítà nu ọwọ́, ó nù ún pẹ́. "Àwọn ọ̀gá yunifásítì ní kí n kó ẹranko wá ná, kí wọ́n tó gba olùtọ́jú. Kí ni mo fẹ́ fi hàn wọ́n, Bàbá?"

Nígbà tó lọ tán, Àpọ́nlé yọ sí ẹnu ọ̀nà, kò sí ẹ̀fẹ̀ lẹ́nu ẹ̀ mọ́.

"Ṣé kí n pa iná yẹn?"

"Mẹ́rìndínlógún ló kù tí kò là."

"Bàbá Ìsmáílà."

"Mẹ́rìndínlógún, Àpọ́nlé."

Àpọ́nlé lọ wá náílọ́ọ̀nù tó máa fi di mẹ́ta tó ti là. Bàdírù dé kúlà, ó jókòó tì í. Ó ki ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ itan, ó fi ara ẹ̀ tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀, kí wọ́n má baà tún lọ yí ẹyin kankan.