Ọjọ́ Moyin

Kò sí òkun ní Ìkẹ́rẹ́. Àpáta la ní, àpáta tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí àlejò fi máa ń dá ọkọ̀ dúró láti wò ó. Síbẹ̀, àbúrò mi Kọ́ládé, tí wọ́n bí sí ẹsẹ̀ àpáta yìí, òkun ló lọ kọ́ nílẹ̀ Jámánì. Ó kọ́ bí òkun ṣe ń gbóná àti bó ṣe ń tutù, àti ohun tí gbígbóná rẹ̀ ń ṣe sí afẹ́fẹ́ tó wà lókè réré, níbi tí bàálù kì í fò dé. Bó bá bẹ̀rẹ̀ àlàyé rẹ̀, mo máa ń bi í bóyá odò tí à ń pọn ní kékeré kò tó o ni.

Àwa mẹ́ta ni Màmá bí: èmi Rẹ̀mí, àkọ́bí, tí mò ń ṣe tíṣà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, Kọ́ládé, àti Moyinolúwa, àbígbẹ̀yìn. Àfín ni Moyin. Bí oòrùn bá mú, kò gbọdọ̀ jáde láìdé akẹtẹ̀, kò gbọdọ̀ jáde láìwọ ẹ̀wù alápá gígùn. Màmá kì í fi èyí ṣeré rárá. Ẹni tó bá rán Moyin níṣẹ́ lọ́sàn-án gangan, ojú ẹni náà á rí nǹkan lọ́wọ́ wọn.

Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá mọ́ tí ìkùukùu bo ojú ọ̀run, tí oòrùn kò yọjú, ọjọ́ náà di ọjọ́ Moyin. Bàbá wa tó ti dolóògbé ló sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀. Màmá á lọ jí i tayọ̀tayọ̀, wọn á ní, "Moyin, dìde, ọjọ́ rẹ dé." Moyin á ju akẹtẹ̀ sílẹ̀, á wọ ẹ̀wù péńpé, á tẹ̀ lé wọn lọ sí oko wa lójú ọ̀nà Ìsẹ̀, á sì wà láàárín ebè láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Nínú oṣù kẹjọ, tí òjò máa ń dáwọ́ dúró díẹ̀ tí ìkùukùu kì í sì í kúrò lójú ọ̀run, ọjọ́ Moyin a máa tẹ̀ léra wọn. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, Màmá a máa dìde dúpẹ́ fún ìkùukùu. Àwọn èèyàn á rẹ́rìn-ín, wọn á sì ṣe àmín.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe dàgbà, tó lọ́kọ. Ọkọ lọ sí Èkó, kò padà mọ́, Moyin sì gbé ọmọbìnrin rẹ̀, Favour, wá sílé wa. Àfín ni Favour náà.

Egbò kan yọ sí ẹ̀yìn etí Moyin. A ní eéwo ni. A fi ewé sí i, a ra oògùn ní kẹ́mísìtì, ó san díẹ̀, ó tún là. Nígbà tó fi máa di ọdún kejì, ó ti dé ọrùn. Dókítà tó yẹ̀ ẹ́ wò ní Adó kọ́kọ́ wo ilẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀. Nígbà tí dókítà bá ti wolẹ̀ báyẹn, kò sí ohun tó fẹ́ sọ mọ́ tí èèyàn kò tíì gbọ́. Ó ní jẹjẹrẹ awọ ni, ó ní a ti pẹ́. Inú bí mi sí i, nítorí n kò mọ ẹlòmíràn tí mo lè bínú sí.

Kọ́ládé wọ bàálù wá. Lọ́jọ́ kejì, Màmá pè é jókòó ní pálọ̀, wọ́n ní kó sọ ohun tí ìwé rẹ̀ wí. Ó ní afẹ́fẹ́ kan wà lókè réré tí wọ́n ń pè ní ósóònù, pé òun ló ń gbà wá lọ́wọ́ ìtànṣán oòrùn tó ń jẹ awọ. Ó ní lọ́dún tí òkun ńlá Pàsífíìkì bá gbóná, bíi tọdún náà, afẹ́fẹ́ ilẹ̀ olóoru a máa yára gòkè, a sì máa ti ósóònù tó wà lórí wa lọ sọ́dọ̀ àwọn ará ilẹ̀ òtútù. Tiwa á fẹ́lẹ́, tiwọn á nípọn. Ẹnu mi kì í dákẹ́, mo ní ẹ ò rí i pé wọ́n tún bọ́ aṣọ lára wa wọ òyìnbó. Kọ́ládé ní kì í ṣe ẹjọ́ òyìnbó, pé òkun ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó dáyé, kò sì sẹ́ni tó rán an.

Màmá tẹjú mọ́ ọn. "Kọ́ládé, ùwọ lo kàwé rẹ̀. Ṣé kì í ṣe ohun tí a ṣe nínú ulé yìí ló kó bá a?"

"Rárá, yèyé," ni Kọ́ládé wí. "Òkun ni."

Màmá mí kanlẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti rí wọn kí wọ́n jẹun tán nínú abọ́ bíi ti alẹ́ ọjọ́ yẹn. Láàárọ̀ kan lẹ́yìn ìgbà náà, kùrukùru ọyẹ́ bo oòrùn, Màmá sì gbé Moyin jáde sórí ẹní nínú àgbàlá, wọ́n ṣí ọrùn rẹ̀ sílẹ̀ kí atẹ́gùn lè fẹ́ sí i, nítorí ọjọ́ rẹ̀ ni. Kọ́ládé dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò wọ́n. Mo rò pé ìbànújẹ́ lásán ni.

Moyin kú nínú oṣù kejì, nígbà tí ooru mú jù.

Lẹ́yìn ìsìnkú, mo sin Kọ́ládé lọ sí gáréèjì. Ibẹ̀ ló ti sọ ọ́ fún mi. Ó ní lóòótọ́ ni òkun ń ṣe é, ṣùgbọ́n ohun tí òkun fi kún un kò ju iyọ̀ tí èèyàn fi ìka méjì bù sínú ìkòkò ọbẹ̀ lọ. Mo bi í pé kí wá ni yòókù.

"Ìkùukùu fẹ́lẹ́ kì í ṣe òrùlé, Àǹtí mi. Ó ń dín ooru kù, ṣùgbọ́n ìtànṣán tó ń jẹ awọ ń gbà á kọjá. Ọjọ́ Moyin ló pa Moyin."

Ó ní òun wo ojú Màmá lọ́jọ́ náà, òun kò sì lè sọ ọ́. Ọmọ tó kàwé tó bẹ́ẹ̀, ojo. Ó ń ṣe mí bíi kí n gbá a létí láàárín èrò, ṣùgbọ́n ó ń sunkún, ọkọ̀ sì ti kún. Mo ní dandan ni kó pe Màmá, kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Ó ṣèlérí fún mi.

Ìlérí yẹn ló ṣì ń ṣe. Màmá ní tiwọn ti fi òkun ṣe ọ̀tá. Wọ́n ń gbàdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì pé kí Olúwa bá àwọn tu òkun lójú, àwọn ìyá ìjọ tí kò rí òkun rí sì ń bá wọn ṣe àmín. Bí Kọ́ládé bá ti pè lọ́jọ́ Ìsinmi, wọn á kọ́kọ́ bi í pé òkun yẹn ńkọ́. Nínú oṣù keje, ó ní, "Ó ti tutù, Màmá." Òótọ́ ló sì sọ. Òkun náà ti tutù.

Lọ́jọ́ Sátidé kan nínú oṣù kẹjọ, mo ti ìdánrawò akọrin dé, mo rí akẹtẹ̀ Favour lórí ìṣó. Ẹ̀wù alápá gígùn rẹ̀ wà lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ká a dáadáa. Mo jáde, mo wòkè. Ìkùukùu ni gbogbo rẹ̀.

Mo gun ọ̀kadà lọ sóko. Favour wà láàárín ebè, síńgílẹ́ẹ̀tì nìkan ló wọ̀, ó ń tu koríko, ó ń kọrin, èjìká rẹ̀ sì ti ń pọ́n. Màmá rí mi, wọ́n rẹ́rìn-ín. "Òkun ti tutù, mo bá jí i, mo ní ọjọ́ rẹ̀ dé. Wò ó bí unú rẹ̀ ṣe dùn."

Mo sọ ọ́. N kò mọ bí wọ́n ṣe ń rọra sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí Kọ́ládé ṣe sọ ọ́ fún mi ní gáréèjì ni mo ṣe sọ ọ́, títí kan iyọ̀ inú ọbẹ̀. Màmá fi ọkọ́ sílẹ̀. Wọ́n tú ìró òkè wọn, wọ́n fi bo Favour láti orí dé ẹsẹ̀, wọ́n sì jókòó lórí ebè, ohun tí wọn kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú wa ṣe láti kékeré.

"Kọ́ládé ti mọ̀, ní ùgbà tí Moyin ṣì wà láyé?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Favour ń bi wá lábẹ́ aṣọ pé kí ló dé. Màmá gbá a mọ́ra, wọn kò wo ojú mi.

"Mo ń nu egbò rẹ̀, mo ń gégùn-ún fún òkun," ni wọ́n wí. "Ẹ bá ti jẹ́ kí n mọ̀. Moyin ṣì ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ùgbà náà. Ǹ bá ti bẹ̀ ẹ́."