Ìtẹ̀ka Àtàǹpàkò Mi Lára Òrùka Irin

Kọ́lá, jọ̀ọ́, má tíì tan ẹ̀rọ ìfafẹ́fẹ́ yẹn! Mo lálàá pé a ti fa gbogbo afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ tán, àfi bí mo ṣe rí ìyá mi níbẹ̀ tó ń lu gíláàsì ojú rẹ̀ láti inú. Ẹnu rẹ̀ ń ṣí, mi ò gbóhùn. Ó nawọ́ sí òrùka irin tó dí ẹnu ẹ̀rọ: ìtẹ̀ka àtàǹpàkò mi wà lára rẹ̀, ó dúdú bí èédú. Bí mo bá tú ọ̀kan nínú nọ́ọ̀tù tó dè é, méjì á hù. Ni mo bá ta jí, mò ń mí hẹlẹhẹlẹ.

Mi ò mọ ìtumọ̀ rẹ̀ o. Ṣùgbọ́n a kì í fọwọ́ lásán kan òrùka yẹn, ọ̀rá ara a máa tú gáàsì sínú ẹ̀rọ, kò sì ní ṣófo tán. Kọ́lá, mi ò wọ ìbọ̀wọ́ nígbà tí mo dè é lánàá. Gbé sípánà wá, ká tú u, ká nù ún.