Ẹnu Ẹni Tó Sọ Ọ́

Èmi ni mo fọ́ orúnkún àbúrò mi. Ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ lọ́la pé mo fi pamọ́. Aago méjì ọ̀sán ni, níbi iṣẹ́ mi, bẹ́ẹ̀ èmi náà ni mo di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú tí mo fi kọ́ ọ ní ìrìn nígbà tí ìyá wa kú. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà náà.

Ìwé atúmọ̀ èdè la máa ń ṣe níbi iṣẹ́ mi. Yàrá kan ni, lókè ṣọ́ọ̀bù bàtà, dúrọ́ọ̀ onígi ló bo ògiri rẹ̀ láti ilẹ̀ dé àjà. Àwa mẹ́ta la wà níbẹ̀. Èmi ni olóòtú. Bàbá Kọ́mà ló ń wá àṣìṣe, a sì sọ ọ́ ní Kọ́mà torí pé bí ẹ bá kí i pé ẹ káàárọ̀, á fẹ́ sọ ibi tó yẹ kí ẹ ti mí fún yín. Ẹnì kẹta ni Ìyàwó, aya àbúrò mi, tí mo fọwọ́ ara mi mú wá síbi iṣẹ́ nítorí pé ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ dára púpọ̀.

Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo ló gba ọdún méjì lọ́wọ́ wa: run. Ẹni tó bá rò pé kò ju eré sísá lọ kò tíì jókòó tì í. Ẹsẹ̀ ń ṣe é, omi ẹ̀rọ ń ṣe é, imú ọmọdé ń ṣe é, ẹ́ńjìnnì ń ṣe é, ẹni tó ń du ipò ń ṣe é, aró tó ń ṣí lára aṣọ náà ń ṣe é. Àwọn tó mọ ìtàn rẹ̀ ní láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti jẹ́ ti ẹsẹ̀ tó ń sáré àti ti omi tó ń ṣàn pọ̀, àti pé ìbátan rẹ̀ lédè Jámánì ṣì ń sọ nípa ohun tó ń ṣàn dòní. Mo fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yẹn bí èèyàn ṣe ń fẹ́ràn ọmọ aláìgbọràn.

Òfin mi ò pọ̀, ṣùgbọ́n mo le lórí ẹ̀. Láàárọ̀, Gẹ̀ẹ́sì nìkan la ó máa bá ara wa sọ, kí etí wa lè mú. Ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ jókòó kó máa hun àpẹẹrẹ látinú orí ara rẹ̀. Ohun tí o bá fi etí ẹ gbọ́ ni kí o kọ sórí káàdì, kí o sì kọ ọjọ́, ibi, àti ẹnu ẹni tó sọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀. Ìyàwó pa òfin yìí mọ́ ju gbogbo wa lọ.

Àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan ni mo ń to káàdì rẹ̀ tí mo fi kan ọ̀kan. Tí a bá túmọ̀ ohun tó wà lórí rẹ̀, ó ní: Sáré. Màá ka ení dé ẹ̀wá kí n tó tẹ̀lé ẹ. Ilé, pálọ̀, ọjọ́ kẹrin oṣù. Ẹnu ọkọ mi.

Iṣẹ́ àbúrò mi ni pé ó ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé ní eré sísá. Fèrè kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀, bí inú bá sì ń bí i, Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń bínú. Lórí pápá, ó máa ń jẹ́ kí àwọn kéékèèké ṣíwájú, á ka ení dé ẹ̀wá kó tó tú àwọn ńlá sílẹ̀ tẹ̀ lé wọn. Ohun tó ń fi ìyàwó rẹ̀ ṣe nìyẹn nínú ilé oníyàrá méjì.

Mo wá èyí tó kù. Pẹ̀lú ti àkọ́kọ́ yẹn, mọ́kànlá ni mo rí. Ìyàwó ti fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sí àyè ìtumọ̀ tirẹ̀, kò ṣi ẹyọ kan. Lábẹ́ omi ẹ̀rọ: Ṣí omi sílẹ̀ kó máa dà, kí aládùúgbò má gbọ́ ohùn ẹ. Ẹnu ọkọ mi. Lábẹ́ ohun tó ń ṣàn: Ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn sójú mi, mi ò rí ilẹ̀kùn. Ilé ìdáná. Ẹnu èmi fúnra mi.

Ṣé ẹ fẹ́ gbọ́ òótọ́? Ìyàwó ni inú kọ́kọ́ bí mi sí. Mo ní ọ̀rọ̀ tó yẹ ká fi aṣọ bò ló wá ń tò sí dúrọ́ọ̀ fún Bàbá Kọ́mà láti kà. Bẹ́ẹ̀ mo ti ń rí aṣọ alápá gígùn tó ń wọ̀ nínú ooru. Mo ti rí awò dúdú tó fi sójú ní ọ̀sẹ̀ kan gbáko, mo sì sọ fún ara mi pé ojú ló ń dùn ún. Àbúrò mi ni, mo dijú sí i.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo ṣe ohun tí mi ò ní dárí rẹ̀ ji ara mi. Mo kó káàdì náà lọ bá àbúrò mi níbi pápá. Mo rò pé bó bá rí ọ̀rọ̀ ẹnu ara rẹ̀ lórí ìwé, ojú á tì í. Ó kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, omi bọ́ lójú rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ fún mi lórí koríko, ó ní èṣù ni, kò tún ní ṣẹlẹ̀ mọ́. Mo gbà á gbọ́. Mo kó káàdì padà sínú báàgì, mo lọ sílé, mo sì sùn dáadáa.

Lọ́jọ́ kejì, ní aago méjì, ó wọlé sí yàrá wa láìkí ẹnikẹ́ni. Ó ti ilẹ̀kùn, ó yọ kọ́kọ́rọ́, ó fi sápò. Ìyàwó wà nídìí tábìlì, gọ́ọ̀mù lọ́wọ́ rẹ̀. Ìgbájú tó kọ́kọ́ gbá a ló gbé orí rẹ̀ lọ kọlu etí dúrọ́ọ̀, ẹ̀jẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn. Bàbá Kọ́mà dìde pé kó jọ̀ọ́, kó ṣe sùúrù. Ó fi ìgbọ̀nwọ́ gbá arúgbó yẹn lẹ́nu, awò ojú bàbá fọ́, eyín méjì jábọ́ sílẹ̀. Ó wá ń fa dúrọ́ọ̀ yọ, ó ń dà wọ́n nù, títí káàdì fi bo ilẹ̀.

Ó fọn fèrè. "Sáré," ó sọ fún Ìyàwó. "Ení."

Yàrá yẹn ò ju ìṣísẹ̀ mẹ́fà lọ, ilẹ̀kùn sì wà ní títì. Ìyàwó sáré. Mo fi ojú mi rí i tí obìnrin tó ti tójú bọ́, tó kàwé, tó níṣẹ́ lọ́wọ́, ń sáré yí tábìlì po bí adìẹ tí wọ́n fẹ́ mú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀ lórí káàdì, ó ṣubú. Àbúrò mi ò tiẹ̀ ka ẹ̀ta, ká má tíì sọ ẹ̀wá. Ó ta á nípàá ní ìhà, mo gbọ́ nígbà tí egungun kán. Ó tún ta á nípàá níbi kan náà.

Mo pè é ní orúkọ tí mo fi ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́. Kò tiẹ̀ wẹ̀yìn.

"Àǹtí mi, ẹ má dá sí i," ó ní. "Ẹ̀yin náà mọ̀ pé kò níbi tó ń sá lọ."

Mi ò bi í léèrè ohun tó ní lọ́kàn. Irin wúwo kan wà lórí tábìlì mi, òun la fi ń tẹ ìwé mọ́lẹ̀ kí gọ́ọ̀mù tó gbẹ. Àwọn àgbà ní bí a bá fi ọwọ́ òsì na ọmọ, ká fi ọwọ́ ọ̀tún fà á mọ́ra. Ọwọ́ méjèèjì ni mo fi gbé irin náà. Mo là á mọ́ orúnkún rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́, ó sì ró bí igi gbígbẹ. Ó ṣubú, ṣùgbọ́n irun Ìyàwó ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ń fi orí obìnrin náà gbá ilẹ̀. Mo tún là á mọ́ ibẹ̀. Ó jọ̀wọ́ irun náà, ó ń ké, ó ń pe ìyá tí kò mọ̀ rí.

Mo yọ kọ́kọ́rọ́ nínú àpò rẹ̀, mo ṣí ilẹ̀kùn. Mo ní kí Ìyàwó máa sá lọ. Kò lè dìde. Ó rá kòrò jáde lórí káàdì wa, oníbàtà ìsàlẹ̀ ló gbé e débi tí ọkọ̀ ti wá gbé e lọ sí ọsibítù. Òun náà ló pe ọlọ́pàá.

Ìyàwó yè é, ṣùgbọ́n egungun ìhà rẹ̀ mẹ́ta ló kán. Àbúrò mi wà ní ọsibítù mìíràn, ọlọ́pàá jókòó tì í. Dókítà ní kò ní sáré mọ́ láyé rẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n pè mí sí àgọ́ ọlọ́pàá. Obìnrin kan ló wà lórí ẹjọ́ náà, ẹni jẹ́jẹ́. Mo kó káàdì mọ́kànlá fún un, mo sì ṣàlàyé òfin mi: kò sí ohun tí wọ́n hun níbẹ̀, ọjọ́ pé, ibi pé, ẹnu ẹni tó sọ ọ́ pé. Ó ní òfin tó dáa ni, pé adájọ́ á fẹ́ràn ẹ̀. Ó wá fa káàdì kejìlá yọ, èyí tí wọ́n ṣà nílẹ̀ yàrá wa, tí ojú ẹsẹ̀ èèyàn wà lórí rẹ̀. Ó tò wọ́n sórí tábìlì bí ọjọ́, oṣù àti ọdún orí wọn ṣe tẹ̀ lé ara wọn. Èyí tí wọ́n ṣà nílẹ̀ yẹn ló síwájú gbogbo wọn, ó ti pé ọdún kan àti oṣù mẹ́jọ.

"Ta ni Àǹtí?" ó bi mí.

Mo kà á. Níbo lo fẹ́ sá lọ? Obìnrin kì í sá kúrò nílé ọkọ rẹ̀. Ibi iṣẹ́, ẹ̀gbẹ́ dúrọ́ọ̀, àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ẹnu Àǹtí.

Mo rántí. Ètè Ìyàwó wú lọ́jọ́ yẹn, ó dúró tì mí, ó ń bá mi sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Ìwé ni mò ń wò, mi ò gbójú sókè tí mo fi dá a lóhùn. Ó kúrò lọ́dọ̀ mi, ó mú káàdì òfìfo, ó jókòó, ó sì ń kọ̀wé. Inú mi tiẹ̀ dùn pé ó ti padà sídìí iṣẹ́.

Ọlọ́pàá náà béèrè bóyá òótọ́ lohun tó wà níbẹ̀, tàbí Ìyàwó kàn hun ún ni.

Mo ní kò hun ún. Mo ní ẹnu mi ni. Ó fún mi ní bírò pé kí n kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, mo sì kọ ọ́.