Eyín Iwájú Olùkọ́

Ọkùnrin náà ò tíì jókòó tán tí dókítà eyín fi dá a mọ̀. Irun rẹ̀ ti funfun, ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn yẹn ò yí padà. Olùkọ́ rẹ̀ ni, nígbà tí òun wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án.

Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Nígbà tí dókítà wà lọ́mọ ọwọ́, àìsàn fẹ́ gbé e lọ. Oògùn tí wọ́n fi gba ẹ̀mí rẹ̀ là ló wọ inú eyín tí ò tíì hù, ìgbà tí wọ́n sì máa hù, àwọ̀ ilẹ̀ ni wọ́n mú jáde. Kò sí búrọ́ọ̀ṣì tó lè fọ̀ ọ́ kúrò. Olùkọ́ yìí ló pè é síwájú kíláàsì lọ́jọ́ kan, ó ní, "Ẹ wo ẹnu bí irin tó dípẹtà! Máa fọwọ́ bo ẹnu tó o bá ń sọ̀rọ̀." Láti ọjọ́ náà, Ìpẹtà lorúkọ rẹ̀. Inú àtẹ́lẹwọ́ ló ti ń rẹ́rìn-ín títí ó fi jáde ilé ìwé. Ìgbà tó di dókítà tán ló tó rí ẹni bá a bo eyín náà, abájọ tí bàbá yìí ò fi mọ̀ ọ́n.

"Ẹ káàárọ̀, dókítà," ni bàbá wí. "Àbíkẹ́yìn mi ń ṣègbéyàwó ní Sátidé. Mo fẹ́ kí eyín mi funfun báláú nínú fọ́tò."

"Ẹ káàárọ̀, bàbá. Ẹ lanu."

Ó wò ó fínnífínní. Àbàwọ́n tíì àti sìgá ni. Èyí ò le rárá. Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú eyín iwájú ń dán ju àwọn yòókù lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọ̀ wọn jọra.

"Ṣé àtọwọ́dá lèyí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ó ti pọ́dún méjìlá. Wọ́n ṣe é kó bá àwọn tó kù mu."

Ibẹ̀ gan-an ni ọkàn dókítà ti yí padà. Oògùn tó ń sọ eyín di funfun kì í ran eyín àtọwọ́dá. Bí wọ́n ṣe ṣe é ló ṣe máa wà. Ó yẹ kó sọ fún bàbá kó tó fọwọ́ kan nǹkan. Nọ́ọ̀sì pàápàá ti gbójú sókè, ó ń retí kó sọ ọ́.

Dókítà fa ìbòmú sókè. "Ẹ fọkàn balẹ̀, bàbá."

Ó ṣe iṣẹ́ náà bí iṣẹ́. Ó ha ìdọ̀tí kúrò, ó bo èrìgì kí oògùn má baà jó o, ó kun oògùn lẹ́ẹ̀mẹta. Inú rẹ̀ ń dùn bí ẹni tó ń lá oyin. Nígbà tó parí, ó gbé dígí lé bàbá lọ́wọ́.

Eyín bàbá funfun bí ẹ̀gbọ̀n òwú. Láàárín wọn, ọ̀kan ṣoṣo pọ́n bí ìka amusìgá.

"Kí lèyí? Dókítà, kí lẹ ṣe fún mi?"

"Ẹ máa fọwọ́ bo ẹnu tẹ́ ẹ bá ń sọ̀rọ̀. Èmi ni Ìpẹtà, ọmọ kíláàsì yín."

Bàbá wò ó títí. Ó gbé fìlà rẹ̀, ó jáde. Wọn ò lè ṣe eyín àtọwọ́dá tuntun tán kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé, Sátidé sì ku ọjọ́ mẹ́ta.

Lọ́jọ́ Ajé, ìyàwó tuntun fúnra rẹ̀ wá, ó kó fọ́tò dání. "Ẹ wò ó! Bàbá mi panu dé bí ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀. Àwọn àna mi ń bèèrè bóyá kò fẹ́ràn ọkọ mi ni."

Ẹjọ́ dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá àgbà ilé ìwòsàn náà. Ọ̀gá fún dókítà níwèé ìkìlọ̀, ó sì ní kó ṣe eyín mìíràn fún bàbá. Dókítà ò jiyàn, ó kàn sọ fún ọ̀gá bí oògùn ṣe ba eyín òun jẹ́ nígbà ọmọdé.

Ọjọ́ tí wọ́n fi eyín náà sí i, bàbá ní, "Ọ̀gá yín ti ṣàlàyé fún mi. Mi ò mọ̀ pé oògùn ló fà á. Mo rò pé o kì í fọnu ni."

"Ẹ ò bi mí."

"Forí jì mí, ọmọ mi."

"Ẹ deyín pọ̀ kí n wò ó." Ó wọ̀ wẹ́kú. Dókítà ò sọ pé òun ti forí jì í, torí kò tíì rí bẹ́ẹ̀ nínú rẹ̀.

Nígbà tí bàbá lọ tán, nọ́ọ̀sì bi í bóyá ó kábàámọ̀.

"Nítorí ọmọ yẹn, bẹ́ẹ̀ ni," ló fèsì. "Nítorí bàbá yẹn, rárá o." Ó bọ́ ìbọ̀wọ́, ó fọwọ́, ó ní kí wọ́n pe ẹni tó kàn wọlé.